Ẹni Tó Bá Mi Gbé Omi Mì

Omi tí mi ò mu ló gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá lọ́jọ́ náà. Ó tutù. Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe dé àyà mi. Ààwẹ̀ Ràmàdánì ọdún 1975 ni, mo sì ń gbààwẹ̀, ètè mi gbẹ.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe tò. Mùyídéènì lorúkọ mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Modern Two ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Iléṣà ni kí n máa fọ ìgò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà, kí n sì máa jókòó síwájú wọn kí wọ́n fi ara mi kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n á ka bó ṣe ń lù. Wọ́n á wọn ìtọ̀ mi.

Lọ́jọ́ yẹn, Dókítà Ògúnṣẹ̀yẹ, tíṣà wọn, fẹ́ fi kiní kan hàn wọ́n níwájú ọrùn. Ó ní ó rí bíi labalábá, pé òun ló ń ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ pé kí ọkàn sáré, kí ara gbóná. Bó bá wú, òun là ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Téèyàn bá ti gbé omi mì, kiní ọ̀hún á gòkè, á tún sọ̀. Ló bá na ife omi sí mi. Mo ní mò ń gbààwẹ̀, sà.

"Omi lásán nìyí, Àlùfáà," ó ní. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mi ò gbà á. Ni ọkùnrin kan bá dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé èmi ni mo mú un wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá a mu ún." Ó wá ń wò mí, ó ń dúró. Mo ní kò burú. Ẹnu èmi náà ni mo fi sọ ọ́.

Yéjídé, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, fìka kan ọkùnrin náà lọ́rùn. Ọkùnrin náà gbé omi mì. Yéjídé ní, "Sà, kò gòkè." Ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, torí ọrùn tèmi ló ń lọ sókè sódò.

Mi ò mọ̀ bóyá ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Ta ni mo fẹ́ bi? Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà ti jókòó sórí àpótí mi kí n tó dé. Dókítà ò bá a jà, torí ọkùnrin náà ń mu omi ní tiẹ̀. Wọ́n ní kó sáré gun àtẹ̀gùn; èmi ni mò ń làágùn nídìí ìgò. Nígbà tó di ọjọ́ keje, òógùn dá. Ebi ò pa mí mọ́, òùngbẹ ò gbẹ mí. Mo ní ìbùkún ààwẹ̀ ni. Mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Yéjídé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Ó pẹ́. Ó mú ọwọ́ kejì. Ó bi mí bóyá mò ń jẹ sààrì, mo ní mò ń jẹ ẹ́. Ó wá rọra gbé ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Tìẹ ò lù," ó ní. "Ti ọkùnrin yẹn ń lù ní méjì-méjì. Mùyídéènì, lọ sílé yín báyìí. Má jẹ́ kó ṣáájú ẹ débẹ̀."

Mo wọ lọ́rì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé ilé wa ní Òṣogbo. Raliat, ìyá mi, ń din àkàrà níwájú ilé. Mo kí i. Ó gbójú sókè, ó nu ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o, àlejò. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Mo ní Iléṣà. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní ibẹ̀ lọmọ òun náà ti ń ṣiṣẹ́, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ó ń sinmi ní yàrá, ara ẹ̀ sì ti dán. Mo fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Wọ́n pe ìrun. Ó di àkàrà sínú ewé, ó fi ṣe sàráà fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún arìnrìn-àjò.

"Ẹ bá mi ṣàdúà fún un," ó ní.

Ta ló ń gba sàráà tí kì í ṣàdúà? Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo dárúkọ Mùyídéènì ọmọ Raliat. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn.

Látinú yàrá, mo gbọ́ ohùn mi tó ṣe àmín.