Ihò Ara Ògiri Ìyá Wa

Ọjọ́ tí Onípele kọ́kọ́ dé ilé wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí. Ó ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìnkùlé dé òkè, ó lóṣòó, ó ń fi ìka tú ilẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ̀ ń wá?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Omi ni mò ń wá," ni ó dáhùn, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá bá yín."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, rọra gòkè lọ lóṣòó tì í. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Màmá wa ló ránṣẹ́ pè é. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo ẹrẹ̀ orí òkè yẹn, ẹ̀yìn yàrá Màmá ló ń wọ́ wá. Onípele ni àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ sí ìpele-ìpele, kó fi ògiri òkúta gbé ìpele kọ̀ọ̀kan ró, kó wá gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sórí wọn. Bàbá rẹ̀, mọlémọlé tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ṣọ́ọ̀bù tì. Òun ló ń gbé omi mímu lọ, òun ló ń di okùn ìwọ̀n mú. Kó tó di pé ògiri kejì dúró, mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ọkàn mi, ìwọ ni mo fẹ́ bá dogbó."

"Ṣé màmá ẹ ti gbọ́?"

Níwájú Màmá, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ gbẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tó sọ fún Màmá, wọn kò tilẹ̀ fi bò. "Obìnrin tó ń bá òkúta wọ̀jà láti àárọ̀ dalẹ́! Ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ọkọ?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yìn yàrá mi ni ògiri rẹ̀ wà. Bí òjò ọdún yìí bá lọ, tí ògiri náà kò ṣe mí ní nǹkan kan, kó wá máa pè mí ní ìyá ọkọ."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Ògiri ìsàlẹ̀ ló ga jù, ihò kéékèèké sì wà lẹ́sẹẹsẹ ní ìdí rẹ̀. Onípele pe gbogbo wa jọ kó tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. "Ibí ni omi tó bá kó sẹ́yìn ògiri ń gbà jáde. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan dí i."

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Omi pupa ń sun jáde nínú àwọn ihò náà, ó sì kùn gbogbo ìdí ògiri. Màmá pòṣé. "Ògiri tuntun, tó ti ń jò bí ajere! Iṣẹ́ ìyàwó ẹ nìyẹn?"

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ kì í gba ihò. Bí ojú ọjọ́ ṣe là, ó po sìmẹ́ńtì, ó dí ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dán an títí o kò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ní kẹ́ ẹ dí i?"

"Omi bíńtín yẹn? Jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ná."

Màmá sì yin ògiri náà lóòótọ́. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Inú tèmi kò balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òjò wá kọ̀ tí kò dá mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ ká aṣọ, mo rí i pé ògiri ti yọ ikùn. Mo tẹ Onípele láago.

Ó sáré dé, omi ń ro lára rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbé Màmá kúrò nínú yàrá! Kíá!"

A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ Màmá jáde. Wọ́n dúró nínú òjò, wọ́n figbe ta. "O fẹ́ pa mí ni? Iṣẹ́ jákujàku! Bàbá tó kọ́ ẹ gan-an kò mọṣẹ́!"

Onípele tẹ̀ ba, ó fọwọ́ pa ìdí ògiri, ó bá sìmẹ́ńtì dídán pàdé. Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló tún ń dán nǹkan báyẹn? Ó dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Ó wo Màmá. Ó pa á dé.

Onípele mú irin àti òòlù, ó wọ abẹ́ ògiri tó wú yẹn, ó ń lu ihò náà tú. A ń pariwo pé kó jáde. Bí ògiri bá wó, òun ni yóò wó lù. Ìgbà tí omi tú jáde, ó ya lù ú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ògiri náà dúró, tòun ti ikùn rẹ̀.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ́jẹ́ pé, "Sìmẹ́ńtì kọ́ ló dùn mí. Mo dúró kí o sọ̀rọ̀, o ń wò mí níran."

Ó lọ. Kò gbé fóònù mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún kó tó jẹ́wọ́ fún Màmá. Màmá di orí mú. "O sì jẹ́ kí n bú bàbá ọlọ́mọ?" Àwọn fúnra wọn ló kó wa lọ sílé Onípele.

Bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, Onípele náà wà lórí àga gígùn, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá náà kò bá wa ṣeré. "Wọ́n ní ògiri ọmọ mi yọ ikùn. Mo bi í, kò dá mi lóhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Òógùn bo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Màmá wò ó, àánú ọmọ ṣe wọ́n. "Òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù, bàbá," ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ibi sá sí, ìyá rẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀ fún un.

Ó dìde. "Rárá o, Màmá. Kì í ṣe òjò." Ó kọjú sí bàbá náà. "Bàbá, èmi ni mo dí ihò omi. Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí. Wọ́n bú ọmọ yín, wọ́n bú ẹ̀yin náà, mo dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù."

Màmá tẹrí ba. Bàbá náà wo ẹ̀gbọ́n mi. "Kí lo wá fẹ́ báyìí?"

"Ọmọ yín ni mo fẹ́. Bí kò bá sì gbà, òótọ́ tí mo sọ kò yí padà."

Onípele gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹsẹ̀ ẹ ń gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n."

Onípele sún díẹ̀ lórí àga. "Wá jókòó, kó o tó ṣubú lu bàbá mi."