Ọ̀pá Ayùn Káfíńtà

"Rẹ́gí, ṣé ó ti wọlé?" Bàbá rẹ̀ bèèrè láti ìta ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọmọbìnrin náà tún ti béárìnì bọ orí ọ̀pá ayùn káfíńtà, irin gbọọrọ tó ń yí ayùn oníná. Òrùka irin tó yẹ kó fún pinpin, tí òòlù nìkan ló yẹ kó lè lù ú wọlé, yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Yéè! Ó ti fá ọ̀pá náà jù.

Ọ̀pá ọ̀hún ti jẹ níbi tí béárìnì ń jókòó sí. Bàbá rẹ̀ ti jó irin tuntun mọ́ ọn lára, ó wá ní kí Rẹ́gí fá a lórí ẹ̀rọ ìfárin. "Fá díẹ̀, kí o wọ̀n ọ́n. Irin tí a bá fá dànù, a kì í bẹ̀ ẹ́ padà." Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí tó máa dá ẹ̀rọ náà lò. Oṣù mẹ́fà ló fi bẹ̀bẹ̀. Ní fífá ìkẹyìn, ìkánjú mú un, ó fi ojú lásán díwọ̀n.

Bó bá jẹ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó sì lù ú mọ́ ọ̀pá náà yíká, tó, tó, tó, títí ara ọ̀pá fi rí ṣákiṣàki. Nígbà tó tún ti béárìnì bọ̀ ọ́, ó há.

"Ó ti wọlé, Bàbá." Irọ́ kọ́, òtítọ́ náà kọ́.

Bàbá wọlé, ó mì ín, kò mì. "Rẹ́gí mi! Wọn ò fi orúkọ yìí pè ọ́ lásán."

Nígbà tí káfíńtà dé, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ìyá Ẹ̀rọ, ṣé ó le dáadáa? Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni mò ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ayùn yẹn o!"

"Ó le, sà."

Káfíńtà gbé ọ̀pá náà lọ tán, ara Rẹ́gí ò balẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ayùn bá ti yí fún ìgbà díẹ̀, ṣákiṣàki yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ojú kan náà.

"Kí ni o ń gbá níbi tó ti mọ́?" ni Bàbá wí.

Rẹ́gí bú sẹ́kún, ó sì ń jẹ́wọ́ ohun tó ṣe sí ọ̀pá náà. Bàbá ò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ tán. Àwọn méjèèjì ki eré mọ́lẹ̀.

Ayùn ti ń ké lọ́nà òdì nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, pákó ń ta lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ pa á!" ni Bàbá ké. Káfíńtà ò gbọ́. Rẹ́gí fò mọ́ ògiri, ó sì pa iná.

"Ta nìyẹn?" káfíńtà jágbe.

Rẹ́gí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Mo parọ́ fún yín."

Káfíńtà wo ayùn tó ń gbọ̀n, ó wo èéfín tó ń rú. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwá, ó yí wọn sẹ́yìn. Kò dápàárá mọ́.

Bàbá ló ra béárìnì mìíràn, òun ló jó ọ̀pá, òun náà ló fá a. Rẹ́gí kàn ń wò ó ni. "Ẹnikẹ́ni lè fá irin jù," ni Bàbá sọ. "Èmi náà ti fá a jù rí. Àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́, irin ló ń bàjẹ́. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, èèyàn ló ń bàjẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà padà wá. Kò wo Bàbá rárá, Rẹ́gí ló wò.

"Ṣé ó le?"

Rẹ́gí mú ohun ìwọ̀n kúrò lára ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n kí n tó dáhùn."