Ohun Tí A Dá Kò Lè Gbọ́n Ju Ẹni Tó Dá A

Ẹ ó ti fura pé ọmọ tí gbogbo iléèwé ń pè ní Àmọ̀tán kò ní í rìn jìnnà kó tó kọsẹ̀. Ẹ kò ṣìnà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọ́kọ́ gbádùn ara rẹ̀ ná.

Ó wà lórí pèpéle gbọ̀ngàn iléèwé, ó ń na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ fi lu àjà. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ yóò gbọ́n ju ènìyàn lọ. Òun ló ń ta kò ó. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú iléèwé níbi ìdíje àwọn iléèwé gbogbo, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà. Bàbá rẹ̀, aránbàtà, ti ṣọ́ọ̀bù pa kó lè wá gbọ́ ọ. Ó jókòó lẹ́yìn, gọ́ọ̀mù ṣì wà léèékánná rẹ̀.

Àmọ̀tán ní ẹ̀rọ kò lọ́kàn. Ó ní bó bá ń ya pòkíì, a ó yọ wáyà rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọ nọ́ọ̀sì, alátakò rẹ̀, fèsì jẹ́ẹ́jẹ́ pé ẹ̀rọ ìṣirò náà kò lọ́kàn, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń sá tọ̀ bí ìṣirò bá le. Ó fi kún un pé ohun tó gbọ́n ju èèyàn lọ yóò ti ronú kan wáyà kí ọwọ́ èèyàn tó débẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Ni Àmọ̀tán bá yọ idà tó fi pamọ́: ohun tí a dá kò lè gbọ́n ju ẹni tó dá a, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè ju olùkọ́ lọ láéláé. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ta ló kọ́ ẹ ní dáráfù?" ọmọ nọ́ọ̀sì bi í. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Àmọ̀tán ti fi ìròyìn ayò yìí kún etí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ni."

"Ta ni ọ̀ta ayò nílé yín báyìí?"

Ọlọ́gbọ́n ìbá wúkọ́, kó bẹ omi mu. Àmọ̀tán fẹ àyà. "Èmi kẹ̀! Ojoojúmọ́ ni mò ń nà wọ́n."

Ọmọ nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ẹ̀rín ti gba gbọ̀ngàn kan kí Àmọ̀tán tó mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ọmọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n mú.

Lójú ọ̀nà, Àmọ̀tán ń retí ìbáwí, nítorí ó ti sọ bàbá rẹ̀ di ọ̀pẹ lójú ayé. Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"O ṣé o, ọmọ mi. Látìgbà tí mo ti ń rán bàtà, ẹnì kankan ò dìde láwùjọ rí kó sọ pé èmi ni mo kọ́ òun ní nǹkan."

Omi bọ́ lójú ọmọ. Ó wá yé e pé òun kò tíì dúpẹ́ rí. "Ẹ ṣé, bàbá mi. Gbogbo ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí, ọwọ́ yín ló ti wá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nọ́ọ̀sì náà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ọgbọ́n tí kò bá mọ orísun rẹ̀, ariwo lásán ni.

Nírọ̀lẹ́, Àmọ̀tán bẹ bàbá pé kó ta ayò náà tọkàntọkàn, kó má wojú òun. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó to ọmọ ayò. Kí ìyá rẹ̀ tó ká aṣọ tó sá tán, kò ku ọmọ ayò kan ṣoṣo níwájú Àmọ̀tán.

Kò na bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan rí. Nígbà tó kéré, tó máa ń sunkún bó bá ti fìdí rẹmi, ni bàbá ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó borí.