Ẹnu Bàbá àti Alápàáàdì

Níbi àríyànjiyàn ni wọ́n ti pàdé, kò sì sẹ́ni tó lọ síbẹ̀ torí ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù ló kó èrò jọ sí gbọ̀ngán ilé-ìkàwé: ṣé ẹni tó gbé ayé rí ni, àbí baba inú ìtàn lásán?

Àlùfáà àgbà ní ó gbé ayé. Ẹni tó ń bá a jiyàn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ pọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Alápàáàdì ni wọ́n ń pè é.

Àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn lẹ́nu Àlùfáà tipẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù tó lè sọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń dẹ etí sí i lẹ́nu, tí yóò sì gbé e síta, àti ìwàásù àti ìbáwí. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Ẹnu Bàbá ni ìjọ ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lóhùn, bàbá ni yóò máa wò. Fèrèsé ni wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe: gbogbo ayé ń tibẹ̀ wòta, kò sẹ́ni tó ń wo òun alára.

Alápàáàdì bẹ̀rẹ̀. "A ti walẹ̀ títí. A rí orúkọ ọba lára òkúta, a rí ti oníṣòwò lára amọ̀. A ò tíì rí ti Ábúráhámù láti ìgbà ayé rẹ̀. Ràkúnmí tí ìtàn ní ó ń sìn pàápàá, egungun tí à ń hú nílẹ̀ tí wọ́n ní ó gbé fi hàn pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn dáadáa ni wọ́n tó ń sìn wọ́n."

Bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ gbóhùn sókè: "Ta ló ń kọ orúkọ darandaran sára òkúta? Ẹni tó ń gbé inú àgọ́, kí lẹ fẹ́ kó fi sílẹ̀ fún yín, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

Ẹ̀rín pa gbogbo gbọ̀ngán, ó pa Alápàáàdì náà. Ló bá wo ọmọbìnrin náà lójú kòrókòró.

"Ìbéèrè yín yẹn múná o. Mi ò ní kò gbé ayé, mo ní a ò tíì rí i ni. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ rò?"

"Bàbá ni kóo wò!" ni àwọn ará ìjọ pariwo. "Ẹnu lásán nìyẹn!"

Àṣìṣe àlejò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọbìnrin náà lára. Kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó rò kẹ́yìn. Ó wá èsì títí, kò rí.

Èsì yẹn ló ní òun ń wá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ sáà gbọ́ tirẹ̀. Ó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, ó ń bá Alápàáàdì di ìkòkò mú kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Nígbà tó yá, èsì ti dé, ọmọbìnrin náà kò sì yéé lọ.

"Mo ti rò ó," ló wí lọ́jọ́ kan. "Mo gbà pé ó gbé ayé. Mi ò ní ẹ̀rí."

"Èmi náà ò ní ẹ̀rí pé o fẹ́ràn mi, ìfẹ́ mi."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sára òkúta ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìkòkò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ni ẹ̀rín ti ń tán. Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ẹni tó ní kò sẹ́rìí Ábúráhámù ni ọmọ àlùfáà máa fẹ́? Tóo bá tiẹ̀ lọ, ta ló máa wàásù? Ṣé ká máa wo bàbá rẹ níran ni?"

Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn gan-an ló sì so ó mọ́lẹ̀.

Alápàáàdì wá tọrọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá sọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí, ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn jù láyé láìyọ ẹyọ kan: "Bàbá ní kóo dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kóo sọ pé o ti rí ẹ̀rí pé Ábúráhámù gbé ayé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóo má padà wá."

"Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ wí?"

Ó wolẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀.

"Ó dáa," ni Alápàáàdì wí. "Mo máa sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kún fọ́fọ́. Alápàáàdì dúró níwájú. "Ẹ̀yin ará, mo ti... mo ti rí..."

Ọmọbìnrin náà wo ojú rẹ̀ láti orí àga ìwàásù. Ó mọ ojú náà. Ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wà lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Dákẹ́!" ló pariwo. "Má parọ́ nítorí mi. Ẹnu àyálò kan ti tó nínú ilé yìí."

Gbogbo ìjọ hó yèè. Bàbá, tó jókòó tì í, fa aṣọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ábúráhámù rárá. Ó ní: "Tóo bá lọ, ta ló máa bá mi sọ̀rọ̀?"

"Kí ni Bàbá wí?" ni wọ́n ń bèèrè.

"Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀." Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. Àánú rẹ̀ ṣe é dọ́kàn, síbẹ̀ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. "Bàbá mi, Ísáákì sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Bàbá rẹ̀ náà ló tú u sílẹ̀."

Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀. Alápàáàdì na ọwọ́ sí i.

Ariwo sọ. Ni Àǹtí bá fò dìde: "Ẹ pa ẹnu mọ́! Bàbá ń sọ̀rọ̀!"

Wọ́n dákẹ́, irú ìdákẹ́ tí wọn ò ṣe rí nínú ilé náà. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà sì jáde wá fúnra rẹ̀, tín-ín-rín, ó dé etí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ sún mọ́ mi. Ọmọ mi ń relé ọkọ, mo fẹ́ súre fún un."

Ìjọ dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọn bọ̀ wá síwájú.