Ọbẹ̀ Tí Ọkọ Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Omi ọmú gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀la níbẹ̀.

Promise, àbúrò mi, ti bímọ láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí ẹ̀kán omi kan lọ́mú rẹ̀. Ọmọ náà ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò ké mọ́, ẹnu ló kàn ń yà, bí ẹja tí wọ́n jù sórí pákó. Ìgbókòdà la ti ń ra mílíìkì ọmọdé, ewéko orí omi sì ti dí ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sí awakọ̀ tó fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún lọ́dọ̀ wa yẹ Promise wò lówùúrọ̀. Ó ní ọmú ò lárùn.

"Ebi ni. Ẹ fún un lóúnjẹ. Ohun tí kò bá wọ inú ìyá, ibo ló máa gbà dé ẹnu ọmọ?"

Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà. Mo ro púpurú ẹ̀gẹ́, mo po ẹ̀kọ, mo se iṣu. Promise á fi òkèlè sẹ́nu, ojú rẹ̀ á yí, á tu ú dà sínú abọ́.

"Àǹtí Tabi, ẹ má bínú. Oògùn kókó ló ń rùn."

Mo gbé púpurú náà símú, èéfín igi ni mo gbọ́. Mo fún un ní omi òjò lásán. Ó ní oògùn kókó ni. Àwa tí ilé wa wà lórí òpó nínú omi, kò sí igi kókó kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa. Òkè lọ́hùn-ún ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fín in, Promise ò sì dé oko kókó rí láyé rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti mọ òórùn náà. Ó kọjú sí ògiri.

Ìyá Kọ́lájọ, ìyá àgbà tó gbẹ̀bí ọmọ náà, mi orí.

"Marúgbó ló kù," ló wí. "Ẹ gún ewé rẹ̀ títí á fi dúdú, ẹ fi ata gbígbẹ sí i àti ẹ̀ẹ̀rù, pẹ̀lú àrọ̀ inú odò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná wá. Ó ń fọ inú obìnrin, ó ń pe omi ọmú. Mo ti fi fa àwọn tó rọ̀ ju èyí lọ dìde."

Ó tún rán mi létí ohun tí mo ti mọ̀. Ní ìdílé wa, ọkọ ló ń kọ́kọ́ fẹnu kan ọbẹ̀ ìyá ọmọ, níṣojú ìyá ọmọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọkọ kò bá lè gbé mì, ìyàwó ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Mo ní ewé. Mo ní ata. Àrọ̀ ni mi ò ní. Èmi tí mo ń yan ẹja tà, ààrò mi ti ṣófo láti oṣù mẹ́ta, nítorí odò wa ò mú nǹkan wá mọ́. Godwin, ọkọ Promise, apẹja ni, títù inú yìnyín ló sì ń rà wálé láti Ìgbókòdà. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú mi.

Ọ̀sán gangan, mo wà lórí afárá pákó lẹ́yìn ilé, mò ń ronú. Obìnrin kan wa ọkọ̀ kékeré bọ̀ láti ìdí igi ẹ̀gbà. Àjẹ̀ rẹ̀ ń wọ omi, kò dún. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọ̀nà tó gbà wá. Ibi tí ewéko dí jù lọ ni, ibi tí ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú àdá ò lè là. Kò sí ojú ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé akẹtẹ̀ tó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì tutù dé àyà.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Wọ́n ní ìyá ọmọ wà nínú ilé."

"Ó wà. Ta ló sọ fún yín?"

"Omi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́."

Ó gbé igbá kan sókè. Àrọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, dúdú, wọ́n ń dán, ojú wọn mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí irú wọn kẹ́yìn.

"Èló ni?"

"Ẹ sè é ná. Tí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò, mo ti gba tèmi."

Ìgbà tí mo nawọ́ gba igbá ni mo rí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò ní èékánná.

Mo mọ ọwọ́ yẹn. Wáyà ààrò mi ló fa èékánná náà yọ, èmi ni mo fi aṣọ dì í. Moríkẹ́ ni. Ọdún mẹ́rin ló fi bá mi yan ẹja, a sì ti sin ín láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Mi ò tíì sọ bó ṣe kú fún ẹnikẹ́ni rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Godwin kó apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́fà wá kí n bá òun yan. Ẹja tí àwọ̀n bá mú máa ń ní àpá lára. Èyí tí ìwọ̀ bá mú, ẹnu rẹ̀ á ya. Àwọn wọ̀nyí ò ní àpá kankan, ojú wọn sì funfun bí ẹyin sísè.

"Godwin, kí ló pa àwọn wọ̀nyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹja ni mo kó wá, kì í ṣe òkú èèyàn tí ẹ fẹ́ fi ṣe ọlọ́pàá."

Mo yan wọ́n. Èéfín máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, orí ẹja tó bá já lórí ààrò, ti ẹni tó ń báni yan án ni. Moríkẹ́ di orí ẹja méje lọ sílé pẹ̀lú oyún oṣù méje nínú, ó fi wọ́n se ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, òun àti oyún ti lọ. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ayé ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́, torí ọkọ àbúrò mi ni.

Ó yẹ kí n da ẹja náà padà sómi. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ èémí ọmọ náà láti inú ilé, ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn tó fẹ́ já.

"Moríkẹ́," mo ní, "àbúrò mi ò mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀. Sè é, Tabitha. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Nígbà tí mo la inú àrọ̀ náà, kò sí ìfun níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Omi tútù ló ṣàn sí mi lọ́wọ́. Mo gbé wọn sórí iná. Ẹja tó yẹ kó gba wákàtí mẹ́rin, kí n tó gún ewé tán, ó ti gbẹ. Nígbà tí ọbẹ̀ hó, Promise pè mí láti iyàrá.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń sè? Ó ń ta sánsán."

Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn tí nǹkan kan ò ta sánsán sí i.

Mo gbé ìkòkò wọlé. Moríkẹ́ ti wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn, ó gbé ọmọ sí itan. Ìyá Kọ́lájọ jókòó tì í, kò rí i. Ó kàn ń fa ìró rẹ̀ sẹ́yìn.

"Òrùlé yín ń jò, òjò ò sì rọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ bó ṣe tutù."

Promise fi ojú pè mí. "Àǹtí, ta ni obìnrin yìí?" ló sọ sí mi létí. "Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e fún ìgbà díẹ̀."

Moríkẹ́ ò wo ẹnikẹ́ni. "Òkèlè kan," ló wí. "Kí ọkọ ìyá ọmọ gbé òkèlè kan mì, màá gbé ọmọ sílẹ̀."

Godwin wọlé nígbà yẹn. Ó rí ìkòkò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ ìyá ọmọ," ni Ìyá Kọ́lájọ wí, "wá ṣe tìrẹ."

"Màmá, èmi kì í jẹ ẹja odò."

"Hẹ̀n-ín! Apẹja tí kì í jẹ ẹja! Ó dà bí alágbẹ̀dẹ tó ń sá fún iná. Fẹnu kàn án, jàre."

"Inú mi ò gbà á."

"Àbí ìwọ náà ti lóyún ni?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo iwájú orí Godwin.

"Àǹtí, níbo lẹ ti rí ẹja yìí?"

"Nínú odò wa. Ibi tí o ti ń pẹja."

Ó fà sẹ́yìn. Promise gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ṣé nítorí garawa tó wà lábẹ́ ìbùsùn wa ni?"

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"O ní kí n má bèèrè," ló wí, "mi ò bèèrè. Òórùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo bímọ."

"Kì í ṣe èmi nìkan!" ni Godwin wí. "Àwọn tó ń da oògùn kókó sómi láti fi pẹja pọ̀. Odò ò mú nǹkan wá mọ́, kí ni kí n ṣe?"

"Odò ò mú nǹkan wá mọ́ nítorí pé o pa á," ni Ìyá Kọ́lájọ wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "O wá ń fún wa jẹ, ìwọ ń jẹ títù."

Mo wo ọmọ náà. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú, àyà rẹ̀ ń dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Godwin náà wò ó. Mo gé púpurú, mo rì í bọ ọbẹ̀, mo gbé e dé ẹnu rẹ̀.

"Ya ẹnu."

Ó yà á. Ó gbé e mì. Moríkẹ́ gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì figbe ta, igbe gidi, tó fi jẹ́ pé Ìyá Kọ́lájọ yin Olúwa lógo.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ó parí sí. Òkèlè kan ló bèèrè.

Ṣùgbọ́n mo rántí ìfófòó ẹnu Moríkẹ́. Mo bu ti Promise sọ́tọ̀. Mo gé òkèlè mìíràn fún Godwin. Ó fẹ́ yí ojú kúrò, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń yà fúnra rẹ̀. Mo tún gé òmíràn. Mo fún un ní orí àrọ̀ kìíní, mo fún un ní ìkejì, ó rún egungun, ó gbé e mì, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Kọ́lájọ ní, "Tabitha, ó tó." Mi ò dúró àfìgbà tí ìkòkò gbẹ.

Moríkẹ́ ti dìde. Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti abẹ́ akẹtẹ̀ náà.

"Èyí tó lé lórí òkèlè kan," ló wí, "tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi."

Lẹ́yìn náà ló ní: "Ìyá mi wà ní Araromi. Wọ́n ní òun ló jẹ ọmọ rẹ̀. Wọn kì í bá a jẹun mọ́, wọn kì í kí i. O mọ ohun tó pa mí. Lọ sọ ọ́ níwájú wọn, kí òjò ọdún yìí tó dá."

"Màá lọ," ni mo wí.

Kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ tó tutù nìkan ló kù.

Promise jẹ marúgbó rẹ̀, ó fi ìka nu àwo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń jókòó báyìí, ó sanra, a sọ ọ́ ní Ìtẹ́olúwakìṣí. Godwin ń jẹ oúnjẹ ọkùnrin mẹ́rin lójúmọ́, ebi ò sì kúrò lára rẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òdìkejì odò. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí àrùn kankan. Èmi ni mò ń sè é fún un.

Òjò ti dá láti oṣù tó kọjá. Mi ò tíì lọ sí Araromi.