Máìkì Tó Wà Láyà Lukman

Ariwo ló gbé Lukman Àjíṣọlá wá sí ẹnu géètì wa. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì l'Agége, èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jinná tàbí ó ti jóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní ọkùnrin kan ń béèrè ọ̀gá. Ọ̀gá kò sí nílé, wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ohun tó fẹ́.

"Ẹ káàsán, mà. A ń ya fíìmù nínú ilé iṣẹ́ òwú tí wọ́n tì pa lẹ́yìn yín yẹn. Ariwo ẹ̀rọ yín ń bo ohùn àwọn òṣèré wa mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ lè bá wa pa á díẹ̀?"

"Kí n pa kí ni?"

"Ẹ̀rọ yín, mà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bọ̀dá, bisikíìtì wà nínú iná. Tí mo bá pa ẹ̀rọ, iṣẹ́ tèmi náà kú nìyẹn. Ẹ máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Gbogbo ilé iṣẹ́ àdúgbò yìí ló ń dákẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Ó wò mí bí ẹni tí mo fún ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́. Ó dúpẹ́, ó lọ, ó tún padà.

"Ẹ má bínú, kí lorúkọ yín?"

"Adéìfẹ́."

"Orúkọ yẹn nìkan tó fíìmù ó."

Mo ní kó máa lọ jàre. Ẹ̀rín ló gbé lọ, ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èmi náà.

Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo yà sí ilé iṣẹ́ òwú náà láti lọ yọjú. Mo bá wọn, wọ́n so máìkì mọ́ igi ìgbálẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wọnú rẹ̀ gbùù. Inú bí mi. Kí n má parọ́, inú máa ń tètè bí mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní girama ni mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọgbà, wọn kì í fi máìkì ṣe irú yẹn. Mo gba igi ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, n kò sì dá a padà mọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ pé a ń ya fíìmù lè rò pé jíìpù là ń gbé kiri. Ẹ gbọ́ irú ẹni tí a jẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ni Lukman l'Agége, àmọ́ àwọn tó ń pín ilé bàbá ńlá wọn ti pọ̀ ju yàrá inú rẹ̀ lọ. Fídíò ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ló ń yà kiri, kó tó ní òun náà fẹ́ sọ ìtàn tòun. Johnson tó di kámẹ́rà mú, oníná mànàmáná ni nílé iṣẹ́ oníke kan n'Ìkẹjà, títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Sìsì Stella, òṣèré wa àgbà, tíṣà ni. Òun ló ń ṣe opó tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ tó ti kú, torí pé kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé iṣẹ́ ti tán. Lukman ló kọ ìtàn náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún.

Bí a bá ya ibì kan tán, mo máa ń ní kí gbogbo ènìyàn dúró láìmira, kí n lè gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Òun là ń fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń to fíìmù pọ̀. Gbogbo wọn á máa wo ilẹ̀. Lukman á máa wò mí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ síta. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà là ń jẹ lórí àpótí. Torí pé tíṣà ni bàbá mi, Ọmọ Tíṣà ló máa ń pè mí.

"Ọmọ Tíṣà, mo fẹ́ràn rẹ."

"Gbé e mì ná kó o tó sọ ọ́."

Ó gbé e mì. "Mo fẹ́ràn rẹ."

"Èmi náà fẹ́ràn rẹ, ọkọ mi," ni mo wí. Ojú tì mí, mo bá bu ẹ̀wà rẹ̀ jẹ.

Wàhálà wa ni bàbá mi. Ọmọ Èkìtì ni Tíṣà Olúgbénró, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni ìyá mi bí fún wọn kó tó kú. Wọ́n fara da Sọ́ńdè tí mi ò wá sílé Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tí mo fi iṣẹ́ bisikíìtì sílẹ̀ nítorí fíìmù, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́.

"Ìfẹ́, ṣé ọjọ́ Sọ́ńdè náà ló yẹ kí ẹ máa ṣeré?"

"Bàbá, ọjọ́ yẹn nìkan ni ariwo ń dákẹ́."

"Ọjọ́ yẹn nìkan ni èmi náà ń fi ọmọ mi yangàn," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ọmọkùnrin tó yẹ kó ṣe ọmọ opó náà kò wá. Fíìmù mìíràn tó lówó lọ́wọ́ ti pè é lọ. Lukman fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wù òṣèré náà, mo sì lẹ máìkì kékeré mọ́ ọn láyà, lábẹ́ ẹ̀wù. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Johnson fi wọlé pé bàbá kan tó wọ agbádá funfun ń béèrè Lukman lẹ́nu géètì. Lukman sáré jáde. Máìkì wà láyà rẹ̀, hẹ́dífóònù sì wà létí tèmi. Ọmọlúàbí á bọ́ ọ kúrò létí. Èmi ṣe bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ.

"Ìwọ ni Lukman?" Ohùn bàbá mi ni.

"Èmi ni, sà. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Dìde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ni mo bá wá, Mùsùlùmí wà nílé tiwa náà. Iṣẹ́ yín yìí ni. Mo ṣe tíṣà nígbà tí owó oṣù kì í dé. Ìyá Adéìfẹ́ ń sọ fún mi pé ọ̀la á dára. Ọ̀la ọ̀hún kò bá a láyé. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Òun nìkan ló kù fún mi. Bó o bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, jẹ́ kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀."

N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi dárúkọ ẹ̀rù. Omijé gba ojú mi. Mò ń retí èsì Lukman, àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì nínú máìkì, àfi bíi pé mo gbé orí lé e.

"Mo gbọ́, sà," ló wí. "Bó bá jẹ́ ohun tó máa dára fún un nìyẹn, màá fi í sílẹ̀."

Omijé gbẹ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi lọ. Lukman wọlé, ó fajú ro. "Ọmọ Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Mo ti gbọ́ ọ. Wo àyà rẹ."

Ó fọwọ́ kan àyà, ó bá máìkì níbẹ̀. 

"Ta ló ní kó o fi mí tọrẹ?" ni mo bi í. "Ẹ̀yin méjèèjì dúró lẹ́nu géètì, ẹ ń ná mi bí àgbò iléyá. Bàbá mi bí mi, ẹ̀rù lè bà wọ́n. Ìwọ ńkọ́? O ò tiẹ̀ bi mí! O ò tiẹ̀ bá wọn jiyàn ẹyọ kan!"

"Mo rò pé ọ̀wọ̀ nìyẹn."

"O bọ̀wọ̀ fún bàbá mi. Èmi tó o fẹ́ fẹ́ dà?"

Mo ká wáyà mi, mo bá tèmi lọ. Iṣẹ́ dúró.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí bàbá mi fẹ́ ti dé, síbẹ̀ inú wọn kò dùn. Wọ́n ń jágbe mọ́ rédíò, wọ́n ń bá ìlẹ̀kùn jà. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bínú sí. Ní tèmi, ọkàn mi ń dùn mí lójoojúmọ́, mo sì ń bínú sí i pé ó ń dùn mí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè mìíràn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Lukman kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó fi í sílẹ̀, ó wá. Mo sá wọ yàrá. Mo gbọ́ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa.

"Bàbá, mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín lọ́jọ́ yẹn tí kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo wá kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mi ò lè fi ọmọ yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ni kò fẹ́ mi mọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ wa kò tíì lówó, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rí, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀."

 Nígbà tí bàbá mi máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà.

"Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí mi sí ẹ?"

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Gbọ́ ná. Ìjà ni mo múra wá. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti orí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé a óò jọ fà á di ìrọ̀lẹ́. O ní, 'Mo gbọ́, sà.' Ọmọ tí èmi ọkùnrin fi ọwọ́ ara mi pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú! Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, kí ló ṣe ọmọ mi tí ẹnì kan fi lè tètè yọ̀ǹda rẹ̀ báyẹn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ẹkún sì wà nínú rẹ̀.

"Ìfẹ́, jáde wá. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ wa."

Mo jáde. Lukman wà nílẹ̀ síbẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?" ni bàbá mi bi mí.

"Mo fẹ́ ẹ, bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà sídìí bisikíìtì."

"Ta ló bi ọ́ ní ti bisikíìtì?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ tọ́ Lukman jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Dìde ńlẹ̀. Ẹnì kan kì í dá wá tọrọ ìyàwó. Lọ sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n kó àwọn èèyàn yín wá. Ọjọ́ Sátidé ni kí wọ́n mú ó. Ẹ̀yin níṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."