Wáyà Wo Ló Máa Gbé Ohùn Ìyá Àgbà Wá?

Bíńtín ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó kéré. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bíńtín jí. Ó bá Bàbá Àgbà ní pálọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga wọn. Àga Ìyá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti kú. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀.

Bàbá Àgbà fa Bíńtín mọ́ra. "Mo rántí ojú Ìyá Àgbà rẹ," ni wọ́n wí. "Mo rántí ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́."

Bíńtín ronú. Ṣé ohùn máa ń sá? Bí ohùn bá sá, níbo ló ń lọ?

Ó mọ ibì kan tí ohùn Ìyá Àgbà wà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Bàbá Àgbà ti ya fídíò Ìyá Àgbà rí, wọ́n sì fi pa mọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà náà ti fọ́. Àpótí rẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ tábìlì. Eruku ti bò ó bí ẹ̀wù.

Bíńtín fọwọ́ kan àpótí náà. "Bàbá Àgbà, ṣé kò lè yá ojú tẹlifíṣọ̀n lò?"

Bàbá Àgbà wo àpótí. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wo Bíńtín. Wọ́n dìde.

Wọ́n wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ihò ló kún ibẹ̀! Ihò gbọọrọ, ihò róbótó, ihò wẹ́wẹ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn àpótí. Ihò ló kún ibẹ̀ náà.

Bàbá Àgbà fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wáyà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ejò tó ń sùn.

Wáyà àkọ́kọ́ ní ẹnu pẹlẹbẹ. Bàbá Àgbà ní HDMI ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ń gbé àwòrán, ó sì ń gbé ohùn pẹ̀lú, bí ẹni tó ru ẹrù tó tún pọn ọmọ.

Bíńtín tì í sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Pàkà! Ó wọlé.

Ó tì í sí ẹ̀yìn àpótí. Kò wọlé. Ó yí i padà. Kò wọlé. Àpótí náà ti dàgbà jù. Kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀.

Wáyà kejì jọ ti àkọ́kọ́ bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé lẹ́nu tirẹ̀. DisplayPort ni. Mọ̀mí ló ni ín, ti kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Bíńtín tì í sí tẹlifíṣọ̀n. Kò wọlé. Ó tì í sí àpótí. Kò wọlé.

Wáyà kẹta ní orí mẹ́ta. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, ọ̀kan yẹ́lò. Pó, pó, pó! Gbogbo wọn wọ tẹlifíṣọ̀n.

Àmọ́ àpótí ńkọ́? Kò wọlé. Kò wọlé. Kò wọlé.

Ojú Bíńtín ti ń pọ́n rẹ̀dòdò. Bàbá Àgbà wọ bàtà wọn. "Má sunkún," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká lọ bá Àǹtí Onítẹlifíṣọ̀n."

Àǹtí Onítẹlifíṣọ̀n ló ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní òpin àdúgbò. Ọjọ́ ti rọ̀, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Bàbá Àgbà ní kó jọ̀ọ́, àwọn ń wá wáyà tó máa gbé àwòrán láti inú àpótí àtijọ́ lọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Àǹtí béèrè bí ihò náà ṣe rí. Bàbá Àgbà họrí.

Bíńtín ti wò ó dáadáa. "Ó fẹ̀ bí àtàǹpàkò Bàbá Àgbà," ló wí. "Àwọn ihò tíntìntín wà nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta. Ibi síkúrù wà lọ́tùn-ún àti lósì."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní VGA nìyẹn, àgbàlagbà wáyà. Ó ní bí wọ́n bá lè yá òun ní ọmọ yìí, òun máa fi í ṣe ọ̀gá. Ó fún wọn ní wáyà náà, ó sì ní kí wọ́n rọra tì í, kí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ má baà tẹ̀.

Wọ́n délé. Bíńtín rọra tì í sí àpótí. Ó wọlé! Ó rọra tì í sí tẹlifíṣọ̀n. Ó wọlé!

Kírí, kírí, kírí. Bàbá Àgbà de síkúrù. Hùùùn, àpótí jí.

Tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀ yànràn. Bàbá Àgbà wá fídíò náà, wọ́n ṣí i. Ta ló wà níbẹ̀? Ìyá Àgbà ni! Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn kan, òwú wà lọ́wọ́ kejì. Ẹnu wọn ń mì.

Ṣùgbọ́n Bíńtín kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá Àgbà fi kún ohùn tẹlifíṣọ̀n. Kẹ́kẹ́. Wọ́n tún fi kún un. Kẹ́kẹ́.

Bàbá Àgbà pe Àǹtí lórí fóònù. Àǹtí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Wáyà àwòrán lẹ béèrè, òun náà ni mo fún yín. VGA kì í gbé ohùn. Ọ̀nà tirẹ̀ lohùn ń gbà." Ó ní òun ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Bàbá Àgbà ní Mọ́ńdè kò jìnnà. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n sì ń nù ún, wọ́n ń nù ún.

Bíńtín gbé ọwọ́ lé ẹnu Ìyá Àgbà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó gbóná díẹ̀.

Ọ̀nà tirẹ̀ lohùn ń gbà. Ó dára. Ilẹ̀kùn ohùn dà?

Bíńtín rá wọ abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn àpótí. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ nu eruku iwájú rẹ̀.

Ihò kan wà níbẹ̀. Róbótó. Kékeré. Irú rẹ̀ wà lára fóònù Mọ̀mí! Ibẹ̀ ni Mọ̀mí máa ń ki wáyà etí bọ̀, tí wọ́n bá ń gbọ́ orin.

Bíńtín sáré. Gìrì, gìrì, gìrì! Wáyà etí náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fà á.

Ó tì í sínú ihò náà. Kẹ́! Ó wọlé.

Ó fi ọ̀kan sí etí ara rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sí etí Bàbá Àgbà. Wáyà náà kúrú, wọ́n bá fi orí kan orí nílẹ̀.

Ìyá Àgbà sì sọ̀rọ̀. "Bàbá wọn, ẹ ò níṣẹ́ ṣe ni? Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi. Bíńtín, wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọmọ mi."

Ìyá Àgbà wá rẹ́rìn-ín. Kí, kí, kí. Ẹ̀rín náà ń dàgbà. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Bàbá Àgbà kò mira. Omi ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń dún."

Wọ́n tún un gbọ́. Wọ́n tún un gbọ́.

Mọ̀mí ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n rí ìyá wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gbì!

Àwọn mẹ́ta ló fẹ́ gbọ́. Wáyà náà kò jù ti etí méjì lọ. Bàbá Àgbà yọ ti etí wọn, wọ́n rọra fi í sí etí Mọ̀mí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Àgbà?" ni Bíńtín béèrè.

Bàbá Àgbà ń wo ẹnu Ìyá Àgbà. Bí ó ṣe ń là báyìí, Bàbá Àgbà sọ ohùn wọn di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì bá a sọ ọ́ pọ̀:

"Bàbá wọn, ẹ ò níṣẹ́ ṣe ni?"